Kí A Tó Fa Ọsán

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni ṣíṣe àfarawé ìkọlù prótónì nínú kọ̀ǹpútà. Ní ilé ìwádìí CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva, níbi tí Switzerland àti Faransé ti pààlà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń da prótónì gidi lu ara wọn nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ kan tó yí po ní kìlómítà 27. Ihò kọ́ lèmi nílò. Kọ̀ǹpútà ni, àti àwọn òfin físíìsì tó ti dá wa lójú, àti ìwà kan: kí ènìyàn máa kọ ibi tí òye rẹ̀ mọ sílẹ̀ gbangba, kó má fi ohun tí kò dá a lójú pamọ́ sábẹ́ ohun tó dá a lójú. Ọdún ti gorí ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì rí i pé ìwà yẹn ló ṣòro jù láti kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ìṣirò kò le tó o.

Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé, “Nígbà tí ẹ ti ní ojúlówó, kí lẹ ń fi àfarawé ṣe?” Ìbéèrè tó dáa ni. Nínú LHC, ẹ̀rọ tó wà nínú ihò yẹn, ìdì-ìdì ni prótónì ń rìn. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní prótónì bíi 100,000,000,000, ìdì sì ń gba inú ìdì kọjá ní ìgbà 40,000,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbàkigbà tí ìdì méjì bá pàdé báyìí, ìkọlù bíi ogún, ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wọn sì ń rí kò ju ipasẹ̀ àwọn èérún tó fọ́n jáde lọ: páyọ́ọ̀nù, káyọ́ọ̀nù, prótónì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, míyúọ́ọ̀nù, ìmọ́lẹ̀. Kúáàkì inú prótónì, tí gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí, kò sí ẹ̀rọ kankan tó rí òun nìkan rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, nígbà tí ẹgbẹ́ ATLAS àti ẹgbẹ́ CMS, tó ń ṣọ́ ìkọlù ní LHC, kéde pé àwọn ti rí èérún Higgs, ara ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ bí ìkọlù tó ní Higgs nínú ṣe yẹ kó rí lójú ẹ̀rọ wọn, yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in. Iṣẹ́ àfarawé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo inú prótónì fúnra rẹ̀. Ní 1964, Murray Gell-Mann àti George Zweig, tí oníkálukú dá tirẹ̀ rò, sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun mẹ́ta tó kéré sí i, tí a ń pè ní kúáàkì, ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, àwọn tó ń yin ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu prótónì ní SLAC, ní California, rí i pé ó ń ta padà bí ohun tó kan nǹkan líle kéékèèké nínú. Lónìí a mọ̀ pé kúáàkì mẹ́ta yẹn kò dá wà. Glúónì tó ń so wọ́n pọ̀ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kúáàkì mìíràn àti òdìkejì rẹ̀ sì ń yọjú, wọ́n ń pòórá, láìsinmi. Bí prótónì bá kọlu prótónì, ẹyọ kan láti inú èkíní ló sábà ń kọlu ẹyọ kan láti inú èkejì. Ìpín tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú agbára odidi prótónì, ẹ̀rọ HERA ní Hamburg, tó ṣiṣẹ́ láti 1992 sí 2007, ló bá wa wọn púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìkọlù náà, apá ìṣirò ká a. Ní 1973, David Gross, Frank Wilczek àti David Politzer fi hàn pé bí àwọn kúáàkì bá ṣe ń sún mọ́ ara wọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó dè wọ́n ń dẹ̀ sí i. Ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ ní 2004 tọ́ sí wọn, torí láìsí i a kò ní rí ibì kankan dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí kúáàkì bá gba lílù tán, yóò máa tú glúónì jáde bó ṣe ń sá lọ, glúónì náà yóò máa tú òmíràn, títí méjì yóò fi di ogún. Èyí náà ní òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbára ṣe ń pín sí wẹ́wẹ́, tó ń sún mọ́ 1 GeV, ìyẹn nǹkan bí agbára tó wà nínú ìwúwo prótónì kan péré, ìdè náà ń le sí i, títí ọ̀nà ìṣirò wa yóò fi pin. Kọ̀ǹpútà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè gbà wá níbẹ̀, torí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ni kò débẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni kúáàkì ti ń di àwọn èérún tí ẹ̀rọ lè rí.

Kò tún sí ìkọlù méjì tó jọra. Òfin ayé kékeré yìí kì í sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kó ṣẹlẹ̀ ni ó ń sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣẹ́ kèké ní gbogbo oríta. Stanislaw Ulam ló ronú kan ọ̀nà yìí ní 1946, nígbà tó ń kọ́fẹ lẹ́yìn àìsàn, tó ń ta káàdì lóun nìkan. Òun àti John von Neumann ló sọ ọ́ di irinṣẹ́ ní Los Alamos. Ìkọlù ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan púpọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Níbi tí ìṣirò ti pin, àwọn ará Lund, ní gúúsù Sweden, ló na okùn kọjá ibẹ̀. Bo Andersson àti àwọn tó kó ara wọn jọ yí i ká ní yunifásítì ìlú náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ìwé ńlá tí òun, Gösta Gustafson, Gunnar Ingelman àti Torbjörn Sjöstrand kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1983. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí kúáàkì àti òdìkejì rẹ̀ bá ń sá fún ara wọn, agbára tó so wọ́n pọ̀ kì í tàn káàkiri bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì. Ṣe ló ń kó ara rẹ̀ jọ di okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà, okùn ń gùn, ṣùgbọ́n fífà rẹ̀ kò dín kù rárá. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000,000,000,000, gígùn okùn tó tó ẹyọ kan nínú ìpín yẹn yóò gba nǹkan bí 1 GeV. Fífà yẹn tó ìwúwo ẹrù tọ́ọ̀nù 16, láàárín ohun méjì tí ojú kankan kò lè rí. Tó bá yá, okùn á já. Níbi tó ti já, kúáàkì tuntun àti òdìkejì rẹ̀ á yọ; okùn kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di páyọ́ọ̀nù àti àwọn ẹbí rẹ̀.

Mo fẹ́ràn àwòṣe yìí tọkàntọkàn, nítorí pé ó gbójúgbóyà láti sọ ohun tí wọ́n lè fi já a nírọ́. Nínú rẹ̀, kúáàkì ń dúró ní ìkángun okùn, glúónì sì jẹ́ ibi tí okùn ti tẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nígbà tí kúáàkì, òdìkejì rẹ̀ àti glúónì bá sá gba ọ̀nà mẹ́ta, okùn yóò wà láàárín kúáàkì àti glúónì, yóò wà láàárín glúónì àti òdìkejì kúáàkì, ṣùgbọ́n kò ní sí láàárín kúáàkì àti òdìkejì rẹ̀. Èérún gbọ́dọ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ẹgbẹ́ JADE ní Hamburg lọ wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀. Okùn kọ́ nìkan ló wà o. Ní 1984, Bryan Webber gbé àwòṣe mìíràn jáde, níbi tí àwọn kúáàkì ti ń kó jọ ní ṣùù-ṣùù kí wọ́n tó tú ká. Òun ló di ìpìlẹ̀ ètò Herwig. Ti Lund wà nínú ètò Pythia, èyí tí èmi ń lò jù.

Bí ẹ bá ní kí Pythia tẹ ìkọlù kan jáde, àkọsílẹ̀ gígùn ni yóò kó síwájú yín. Ìlà 1 àti 2 ni prótónì méjì tó ń bọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn ni 2212. Nísàlẹ̀ wọn, ẹ lè rí glúónì, 21, tó ń kọlu glúónì. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní òpó fún ìyá àti òpó fún ọmọ: ta ló bí i, ta ló sì bí. Èérún tó bá ti yí padà di òmíràn, wọ́n fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà tó ń sọ ipò rẹ̀. Èyí tó bá wà títí dé òpin kò ní àmì yẹn. Ẹ fi ìka lé páyọ́ọ̀nù kan, 211, nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ gòkè lọ bá ìyá rẹ̀, kí ẹ tún bá ìyá ìyá rẹ̀. Láìpẹ́ ẹ ó dé ọ̀wọ́ kúáàkì àti glúónì tó jókòó lórí okùn kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi bíírò fa ìlà sí. Òkè ìlà yẹn, òfin ló ń ṣáájú wa níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwòṣe ni. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìlà yẹn gbà kọjá nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ èyí tó yẹ kó jà fún nínú èsì rẹ̀ àti èyí tó yẹ kó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú.

Ohun kan tún wà tí kò tíì sú mi láti máa sọ. Bí a bá ṣírò iye ìgbà tí glúónì ń kọlu glúónì, tí a sì ń bọ̀ wálẹ̀ síbi ìkọlù tí kò fi bẹ́ẹ̀ le, iye náà ń ga títí yóò fi ju iye ìgbà tí prótónì fúnra rẹ̀ ń kọlu prótónì lọ. Báwo ni ìpín ṣe máa pọ̀ ju odidi lọ? Ẹlòmíràn ìbá ti ju ìwé sílẹ̀. Ní 1987, Torbjörn Sjöstrand àti Maria van Zijl dáhùn pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀: nínú ìkọlù prótónì kan ṣoṣo, ẹyọ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe gba ìyẹn, ó yé wa ìdí tí iye èérún tí ẹgbẹ́ UA5 kà ní CERN fi ń yàtọ̀ gidigidi láti orí ìkọlù kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n a ní láti dá iye náà dúró níbì kan kó má baà ga láìlópin, torí glúónì tí agbára rẹ̀ bá kéré jù kò lè dá ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ mọ́ nínú prótónì. Níbo gan-an? Òfin kò sọ. A wo ohun tí ẹ̀rọ gidi rí, a sì mú iye tó bá a mu. Nínú Pythia tòde òní, 2.28 GeV ni, fún ìkọlù 7 TeV, ìyẹn 7,000 GeV.

Irú iye bẹ́ẹ̀, tí a fi ọwọ́ ara wa yàn, pọ̀ nínú ètò wa. 0.217 ló ń sọ bí kúáàkì strange, tó wúwo ju kúáàkì up àti down inú prótónì lọ, ṣe ń ṣọ̀wọ́n tó níbi tí okùn ti já. 0.68 àti 0.98 ló ń darí bí okùn ṣe ń pín agbára rẹ̀ fún èérún tó ń yọ. Yíyan wọn dà bí ìgbà tí onílù ń fa ọsán dùndún: èyí tó fà láti gbé ohùn kan sókè kò ní fi ohùn yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Rick Field, tó bá ẹgbẹ́ CDF ṣiṣẹ́ ní Fermilab lẹ́bàá Chicago, ló kọ́ wa níbi tó yẹ ká tẹ́tí sí, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ìkọlù ńlá náà, láàárín ìwọ̀n 60 sí 120 sí ojú ọ̀nà tó gbà, níbi tí èérún láti inú àwọn ìkọlù kéékèèké yòókù ti ń hàn kedere. Àkójọ iye tí Pythia ń lò báyìí, Peter Skands, Stefano Carrazza àti Juan Rojo ló yàn án. Monash 2013 ni wọ́n ń pè é, orúkọ yunifásítì kan ní Melbourne.

Ní 2010, ẹgbẹ́ ALICE, tí òun náà wà ní LHC, ti ka iye èérún ní 900 GeV, ní 2.36 TeV àti ní 7 TeV. Iye náà ń ga kíákíá ju bí ọ̀pọ̀ àwòṣe ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ. A tún iye yàn, ó sì bọ́ sí i. Mi ò rí àbùkù níbẹ̀. Ọwọ́ wa la fi yàn án tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí tuntun dé, a tún un yàn.

Ti ọdún 2017 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún náà, ẹgbẹ́ ALICE tẹ gíráàfù kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Physics. Wọ́n to ìkọlù prótónì ní ìtẹ̀léra, láti orí èyí tó bí èérún díẹ̀ dé orí èyí tó bí púpọ̀, wọ́n wá ń wo bí èérún tó ní kúáàkì strange ṣe pọ̀ tó sí páyọ́ọ̀nù. Bí ìkọlù ṣe ń kún sí i, ìpín náà ń ga sí i. Òmégà, tó ní strange mẹ́ta nínú, ló ń ga jù. Nínú ìkọlù tó kún jù lọ, ìpín náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó wà nígbà tí wọ́n bá da odidi èso átọ́mù òjé lu ara wọn, bẹ́ẹ̀ prótónì méjì péré nìyí. Ìlà Pythia wà lórí gíráàfù kan náà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Mo mọ ìdẹwò tó ń tẹ̀ lé irú gíráàfù bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé 0.217 sókè díẹ̀, ìlà náà á gòkè, á gba àárín àwọn àmì kọjá, ọkàn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni iye yẹn ti wá? Ọ̀dọ̀ LEP ni, ẹ̀rọ tó wà nínú ihò kan náà láti 1989 sí 2000, tó ń da ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu òdìkejì rẹ̀, níbi tí okùn kan ṣoṣo ti sábà máa ń wà. Ẹni tó bá yí i nítorí ALICE ti ba ti LEP jẹ́. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ìlà náà yóò gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ṣì tẹ́. Ẹni tó bá fi àfarawé rẹ̀ wé àròpọ̀ gbogbo ìkọlù nìkan kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Yóò fọwọ́ ara rẹ̀ bo ìròyìn tó dùn jù lọ tí ẹ̀rọ náà mú wá fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa.

Ohun tí ìlà tó tẹ́ náà ń wí ni pé okùn kọ̀ọ̀kan nínú Pythia ń já bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé. Nínú ìkọlù prótónì tó kún, ọ̀pọ̀ okùn ló ń na ara wọn lórí ara wọn nínú àyè kékeré kan. Christian Bierlich, Gösta Gustafson àti Leif Lönnblad ní kí a jẹ́ kí wọ́n lọ́ mọ́ra di okùn ńlá tó le ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ; okùn tó bá le ní agbára tó láti bí strange nígbà tó bá já. Klaus Werner ní Nantes àti àwọn tó bá a kọ ètò EPOS gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní ibi tó kún jù ń yọ́ di omi gbígbóná, ó ń wú, kó tó tutù di èérún. Èmi ń fì sọ́dọ̀ okùn, nítorí agbára kan náà tí a ti mọ̀ láti 1983 ló ń lò, kò ya ohun tuntun wọlé. Síbẹ̀, ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ CMS rí ní 2010, pé àwọn èérún tó jìnnà síra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà prótónì ṣì ń kọjú sí apá kan náà, kò rọrùn fún okùn tó dá já lóun nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ kí okùn borí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyẹn pẹ̀lú. Ara iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ nìyẹn.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí àwọn kan bá fẹ́ sọ bí àfarawé wọn ṣe lè ṣì tó, wọ́n á lo Pythia, wọ́n á lo Herwig, wọ́n á wá mú ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Kò tó. Àwòṣe méjì lè gbàgbé ohun kan náà, kí ìyàtọ̀ àárín wọn kéré, kí àwọn méjèèjì sì jìnnà sí òtítọ́. Ohun tó yẹ ni kí a mú àwòṣe kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí a yí iye tí a fọwọ́ yàn dé ibi tí ẹ̀rí gbà kó dé, kí a sì kọ ohun tó yí padà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gba àkókò, ṣùgbọ́n òun ló mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Geneva. Èérún láti òfuurufú ń kọlu èso átọ́mù inú afẹ́fẹ́ lókè wa lójoojúmọ́, àwọn míì sì ní agbára tó ju ti LHC lọ fíìfíì. Míyúọ́ọ̀nù tó ń ti ibẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ tó nǹkan bí ẹyọ kan lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan láàárín ìṣẹ́jú kan, níbi tí ilẹ̀ kò bá ga ju òkun lọ púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Pierre Auger ní Argentina, tí ẹ̀rọ rẹ̀ bo kìlómítà onígun mẹ́rin 3,000, rí i pé míyúọ́ọ̀nù tó ń bọ̀ láti inú àwọn ìkọlù tó lágbára jù pọ̀ ju iye tí àwòṣe ń sọ lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn náà wà lọ́dọ̀ àwọn okùn yìí kan náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tó wà ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Cotonou, ẹ̀yin ni mo kọ eléyìí sí jù. Ilé ẹ̀kọ́ físíìsì ti Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní Stellenbosch ní 2010 wà fún yín, àkọsílẹ̀ ìkọlù gidi láti ọ̀dọ̀ CMS sì ti wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì CERN láti 2014. Àmọ́ ẹ ò nílò láti dúró de ìwé ìrìnnà. Ọ̀fẹ́ ni Pythia, ọ̀fẹ́ ni Rivet tí a fi ń gbé èsì rẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ̀rọ gidi rí, kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán sì lè gbé méjèèjì. Ẹ wà wọ́n jáde. Ẹ ṣe ìkọlù 10,000 ní 13 TeV, kí ẹ ka èérún tó ní iná lára nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá kọ PartonLevel:MPI = off sínú ètò náà, láti pa ìkọlù ọ̀pọ̀ ẹyọ lẹ́ẹ̀kan náà tí mo sọ lókè, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ rí bí iye náà ṣe máa já wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá gíráàfù Òmégà ti ALICE, kí ẹ fi tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí kò ti bára mu sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan iye kankan, kí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ ètò yìí. Wọn kì í bínú sí i. Wọ́n ń wá a ni.